Google Earth Lójú Ẹni Tó Ń Tọpa Ilé Kíkọ́ ní Lọ́kọ́jà àti Kàbà

Nínú àwa ọmọ Òkun, ìyẹn àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogí, ẹni tó ń kọ́lé sí Lọ́kọ́jà tàbí Kàbà kì í sábà gbé ibi tí ilé náà wà. Ó lè wà ní Àbújá, ní Ìbàdàn, ní Èkó tàbí lókè òkun. Owó á gba ọwọ́ àbúrò tàbí ọwọ́ agbaṣẹ́ṣe kọjá, ìròyìn iṣẹ́ á sì dé bá a lórí fóònù, ọ̀rọ̀ ẹnu pẹ̀lú fọ́tò tí ẹlòmíràn ṣà fún un. Google Earth, irinṣẹ́ tó ń fi àwòrán ojú ilẹ̀ tí sátẹ́láìtì yà láti òkè hàn, ni ohun tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo wa, tí kò bá àbúrò tan, tí kò sì jẹ agbaṣẹ́ṣe ní gbèsè. Mo ti ń fi í tọpa àwọn àdúgbò tuntun tó ń dìde ní ìlú méjèèjì, ìyẹn ni mo ṣe fẹ́ sọ bí ó ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ń lò ó fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Èrò mi ni pé ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbà gbọ́ ni nípa ohun tó ti kọjá, pé agbára rẹ̀ kò tó nǹkan lórí ohun tó ń lọ lọ́wọ́, àti pé odi ni bí a bá bi í léèrè ẹni tó ni ilẹ̀.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Keyhole ló kọ́kọ́ ṣe é. Google ra ilé-iṣẹ́ náà ní 2004, wọ́n sì gbé irinṣẹ́ yìí jáde ní orúkọ tó ń jẹ́ báyìí ní 2005. Ẹ̀yà rẹ̀ tí à ń gbé sórí kọ̀ǹpútà, Google Earth Pro, jẹ́ ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń san 399 dọ́là lé lórí lọ́dọọdún, kí wọ́n tó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́ ní 2015. Àwòrán inú rẹ̀ ti ọ̀dọ̀ oríṣiríṣi sátẹ́láìtì wá, ti ìjọba àti ti àwọn oníṣòwò. Ọjọ́ tí wọ́n ya wọn kò dọ́gba, ó sì lè ṣẹlẹ̀ pé apá ọ̀tún ọ̀nà kan jẹ́ ti ọdún tó kọjá, kí apá òsì rẹ̀ jẹ́ ti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ilé wọn ti ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni àwọn ń wò, wọ́n á sì dìde sí bìríkìlà pé kò tíì mọ búlọ́ọ̀kù kan lé orí èkejì. Ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ibẹ̀ ni kí ojú kọ́kọ́ lọ kí ẹnu tó ṣí.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni àmì aago kékeré tó wà lókè. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ọ̀pá kan á yọ, tí a ó máa fi sún ọdún sẹ́yìn àti síwájú lórí ilẹ̀ kan náà. Láti 2009 ni èyí ti wà lórí kọ̀ǹpútà. Àwọn tó ń lo fóònù kò rí i gbà àfi ní 2024. Pẹ̀lú rẹ̀, ilé kíkọ́ di ohun tí a lè kà ní ìpele-ìpele. Igbó ni a ó kọ́kọ́ rí, tàbí oko iṣu pẹ̀lú ebè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ipa katapílà á hàn, ilẹ̀ pupa tó là gbọọrọ láàárín ewéko. Ìpìlẹ̀ á fara hàn ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́, tí a ó fi lè ka iye yàrá. Ilé tí ògiri rẹ̀ ti dúró ṣùgbọ́n tí kò tíì ní òrùlé á jẹ́ kí a rí inú rẹ̀ láti òkè, òjìji ògiri á sì ṣú sínú yàrá kọ̀ọ̀kan. Páànù tuntun máa ń dán gidigidi, nígbà tí páànù àtijọ́ tó ti dípẹtà á fẹ́rẹ̀ẹ́ bá àwọ̀ ilẹ̀ mu. Ẹni tó bá fara balẹ̀ lè fi gígùn òjìji mọ̀ bóyá ilé ilẹ̀ ni tàbí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, pàápàá tí ilé mìíràn tó mọ gíga rẹ̀ bá wà nítòsí nínú àwòrán kan náà.

Èyí ló sọ ọ́ di ohun tí a fi ń yẹ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta ilẹ̀ wò. Bí ajẹ́ńtì bá sọ pé iṣẹ́ ti ń lọ lórí ẹ́sítéètì òun láti ọdún mélòó kan, tí àwòrán ọdún náà sì fi igbó kìjikìji hàn wá láìsí ipa ọ̀nà kankan nínú rẹ̀, ìbéèrè tó kù kò pọ̀ mọ́. Bí ó bá sọ pé ọ̀nà ńlá gba iwájú ibẹ̀ kọjá, irinṣẹ́ ìwọ̀n tó wà nínú Google Earth á sọ iye mítà tó wà láàárín ọ̀nà náà àti ilẹ̀ tí ó ń tà. Ìdà kejì rẹ̀ náà wà o: mo mọ̀ pé ó ń gba agbaṣẹ́ṣe tó jẹ́ olóòótọ́ sílẹ̀, nítorí pé olówó tó wà lókè òkun lè rí i fúnra rẹ̀ pé òrùlé ti gorí ilé kí owó ilẹ̀kùn àti fèrèsé tó di ìjà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa kì í bẹ̀rù pé kí a wò wọ́n láti òkè.

Lọ́kọ́jà ni mo ti rí i pé agbára rẹ̀ pọ̀ jù. Ìlú náà há sáàárín òkè Patti, tó ga ju 400 mítà lọ, àti Odò Ọya, kò sì rí ibi fẹ̀ sí àfi kí ó máa nà lẹ́bàá ọ̀nà: sí Fẹ̀lẹ̀lẹ̀ àti ọ̀nà Àbújá ní àríwá, sí Gánájà àti ọ̀nà Ajáokúta ní gúúsù. Nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27, oṣù Kẹjọ, 1991, tí Lọ́kọ́jà sì di olú-ìlú rẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ya wọ ìlú tí kò ní ilé tó lè gbà wọ́n, ilé kíkọ́ kò sì tíì dáwọ́ dúró níbẹ̀ láti ìgbà náà. Nínú Google Earth, ẹ̀ka kan wà tó ń jẹ́ Timelapse, tí wọ́n fi kún un ní 2021, tó ń fi ayípadà ojú ilẹ̀ hàn láti 1984, ìyẹn ọdún méje ṣáájú kí Kogí tó wà. Ẹni tó bá wo Lọ́kọ́jà nínú rẹ̀ á rí bí ìlú ṣe ń tú jáde láti àárín gbùngbùn, tó ń yí ìdí òkè ká, tó sì ń wá ilẹ̀ kiri. Ọgbà Yunifásítì ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 2011, wà ní ìhà Fẹ̀lẹ̀lẹ̀, ibi tí irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ bá sì kọjú sí ni ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti owó ilẹ̀ ń tẹ̀ lé e lọ. Ṣùgbọ́n kí a má retí pé Timelapse á fi ilé kan ṣoṣo hàn wá. Sátẹ́láìtì Landsat ni púpọ̀ nínú àwòrán àtijọ́ rẹ̀ ti wá, ẹyọ tó kéré jù nínú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sì jẹ́ 30 mítà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, nígbà tí pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò ju nǹkan bí 15 mítà ní fífẹ̀ àti 30 ní gígùn lọ. Pulọ́ọ̀tì méjì ló fẹ́rẹ̀ẹ́ há sínú ẹyọ kan. Àdúgbò ni à ń fi wò, kì í ṣe ilé.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó yẹ kí n dúró lé lórí díẹ̀, nítorí pé òun ni owó àwọn ènìyàn ti ń ṣòfò jù ní Lọ́kọ́jà. Ní 2012 àti ní 2022, Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé kún débi pé omi gba àwọn àdúgbò tó wà létí odò, ó sì gé ọ̀nà Gánájà. Ilẹ̀ tí omi náà dé wà níbẹ̀ títí di òní, wọ́n ṣì ń tà á. Bí a bá ṣí Google Earth lásán, ó ṣeé ṣe kí àwòrán tó kọ́kọ́ yọ jẹ́ ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ìgbà yẹn ni ojú ọ̀run máa ń mọ́ tó láti ya àwòrán. Odò á ti fà sẹ́yìn, iyanrìn á funfun létí rẹ̀, pulọ́ọ̀tì á gbẹ, á tẹ́jú, á wu ni. Ẹni tó bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ nìkan ra ilẹ̀ ní ìhà Gánájà ti fi ojú ara rẹ̀ tan ara rẹ̀. Ó yẹ kí a fi ọ̀pá aago wá oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ní àwọn ọdún tí omi kún, kí a wò ó bóyá àwòrán kankan wà. Ó máa ń ṣòro láti rí, nítorí pé ìkùukùu kì í jẹ́ kí kámẹ́rà rí ilẹ̀ lásìkò òjò.

Níbi tí Google Earth ti já wa kulẹ̀ yìí ni mo ti ń lọ sí Copernicus Browser, ìkànnì àwòrán sátẹ́láìtì tó jẹ́ ti àwọn ará Yúróòpù, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwòrán Sentinel-1 wà nínú rẹ̀, sátẹ́láìtì tí wọ́n fi ránṣẹ́ sókè ní 2014. Rédà ni ó fi ń ríran, nítorí náà ìkùukùu kì í dí i lọ́wọ́, òru kì í sì í dá a dúró. Lójú rédà, omi tó dúró jẹ́ẹ́ máa ń dúdú. Bí a bá gbé àwòrán oṣù Kẹwàá 2022 lé ti oṣù Kejì ọdún kan náà, ibi tó dúdú nínú ti àkọ́kọ́ tí kò dúdú nínú ti èkejì ni ibi tí omi gbà. Mi ò mọ ìwé ìpolówó ilẹ̀ kankan tó máa sọ irú èyí fún ni. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà gíga ilẹ̀ tí Google Earth ń kọ sí ìsàlẹ̀ fi yín lọ́kàn balẹ̀, torí pé ó lè fi mítà mélòó kan yẹ̀, bẹ́ẹ̀ mítà kan ṣoṣo ló lè wà láàárín ilé tó gbẹ àti ilé tí omi dé ojú fèrèsé rẹ̀.

Nígbà tí a bá kúrò ní Lọ́kọ́jà wá sí Kàbà, ìyìn mi á dínkù. Google fúnra wọn kò fi pamọ́ pé àwọn ìlú ńlá ni àwọn ń tún àwòrán wọn ṣe lemọ́lemọ́ jù, àwọn ìlú kéékèèké á sì dúró de ìgbà tó bá kàn wọ́n. Ẹni tó ń tọpa ilé kan ní Kàbà, ní Ìsánlú tàbí ní Ẹ̀gbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní sùúrù, nítorí pé ilé lè ti ìpìlẹ̀ dé òrùlé kí àwòrán tuntun kan ṣoṣo tó wọlé. Sentinel-2, sátẹ́láìtì mìíràn tí àwòrán rẹ̀ wà nínú Copernicus Browser, ni ó lè dí àlàfo náà díẹ̀. Láti 2017 tí èkejì rẹ̀ ti dara pọ̀ mọ́ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rán lọ ní 2015, ọjọ́ márùn-ún-márùn-ún ni wọ́n ń padà wá sórí ilẹ̀ kan náà. Àmọ́ ẹyọ àwòrán tirẹ̀ jẹ́ 10 mítà ní ìhà kọ̀ọ̀kan, tó fi jẹ́ pé gbogbo pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100 kò tó ẹyọ márùn-ún. Ó dára fún ọ̀nà tuntun tí wọ́n là, fún igbó tí wọ́n ro, fún ẹ́sítéètì tí wọ́n fi odi yí ká. Kò dára fún mímọ̀ bóyá káfíńtà ti kan igi òrùlé. Ìgbà tí òjò ń parí lọ, kí ọyẹ́ tó gba ojú ọ̀run, ni àwòrán rẹ̀ máa ń mọ́ jù lọ́dọ̀ wa.

Ìdẹkùn kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó ní ìwé sọ̀fé lọ́wọ́ mọ̀ nípa rẹ̀, pàápàá ní ilẹ̀ Òkun. Àwọn nọ́ńbà tó wà lórí ìwé sọ̀fé wa, tó ń sọ ibi tí píìlà kọ̀ọ̀kan wà, sábà máa ń tẹ̀ lé ìlànà Minna, èyí tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún Nàìjíríà tipẹ́tipẹ́, nígbà tí Google Earth ń lo ìlànà àgbáyé tó ń jẹ́ WGS84. Bí a bá kó nọ́ńbà Minna tààrà sínú Google Earth láìyí i padà, ilẹ̀ náà á yẹ̀ kúrò ní ibi tó wà ju gígùn pulọ́ọ̀tì kan lọ. Ìjà ti lè bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀: ẹni kan á jókòó sí ìlú òyìnbó, á rí i pé orí ilé ẹlòmíràn ni píìlà òun bọ́ sí, á sì pe ẹ̀gbọ́n tó bá a rà á ní ọ̀dàlẹ̀. Ìdẹkùn kejì tún fara pẹ́ ẹ. Ìlà tó pín agbègbè ìwọ̀n (UTM zone) 31 àti 32 níyà ní Nàìjíríà, ìyẹn ìlà (longitude) 6 ní ìhà ìlà-oòrùn, gba àárín ilẹ̀ Òkun kọjá. Ẹ̀gbẹ̀, Ìsánlú àti Mọ̀pà bọ́ sí 31. Kàbà àti Lọ́kọ́jà bọ́ sí 32. Ẹni tó bá gbàgbé láti yan agbègbè tó tọ́ kò ní bá ilẹ̀ rẹ̀ ní ìlú mìíràn lásán, ọ̀nà jíjìn réré ni yóò ti bá a. Ẹ̀bi sọ̀féyọ̀ kọ́, ẹ̀bi Google náà kọ́. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ tí àwọn tí kì í ṣe oníṣẹ́ ìwọ̀n ilẹ̀ ń lò káàkiri báyìí ì bá fi ìkìlọ̀ kan síbẹ̀. Ẹ ní kí sọ̀féyọ̀ yín fún yín ní fáìlì KML, irú fáìlì tí Google Earth ń ṣí, tí ó ti yí nọ́ńbà inú rẹ̀ padà sí WGS84, ẹ tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀ náà á sì ṣí sí ipò rẹ̀.

Ní ti ẹni tó ni ilẹ̀, kò sí ohun tí sátẹ́láìtì mọ̀. Odi tí a mọ yí pulọ́ọ̀tì ká kì í ṣe ẹ̀rí, òrùlé kì í ṣe ìwé. Òfin ilẹ̀ 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro, síbẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹni tó bá rà lọ́wọ́ ọmọ ẹbí kan láìjẹ́ pé olórí ẹbí àti àwọn àgbà mọ̀ sí i ti ra ẹjọ́. Ọ́fíìsì ilẹ̀ ní Lọ́kọ́jà, àwọn àgbà ẹbí, àti ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá a pààlà ni a ń lọ bá fún èyí.

Ohun mìíràn tí àwọn ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ìlú wa yẹ kí wọ́n mọ̀ ni Open Buildings, tí Google bẹ̀rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ ìwádìí wọn ní Accra, tí wọ́n sì gbé jáde ní 2021. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n kọ́ láti máa dá ilé mọ̀ nínú àwòrán, tí ó sì ń fa ìlà yí òrùlé kọ̀ọ̀kan ká. Nígbà tí ó fi dé ẹ̀dà kẹta ní 2023, iye ilé tó ti fàmì sí ní Áfíríkà àti àwọn apá ayé mìíràn ti tó bílíọ̀nù 1.8. Ní 2024, wọ́n fi apá kan kún un tó ń fi bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i láàárín 2016 sí 2023 hàn. Ẹni tó ń ṣọ́ ilé kan ṣoṣo kò nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tó fẹ́ lọ bá ìjọba pé àdúgbò kan ní Kàbà ti kún fún ilé, tí kò sì tíì ní ọ̀nà tàbí omi ẹ̀rọ, á rí iye ilé níbẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ìjọba kò ní lè fi ọwọ́ gbá dànù.

Fóònù tó bá kéré lágbára máa ń rọra gbé e, ó sì ń jẹ dátà gan-an níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dúró. Mo gba ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà níyànjú pé kí ó lo ti kọ̀ǹpútà, nítorí pé ó máa ń fi àwòrán tí a ti wò pamọ́, irinṣẹ́ ìwọ̀n rẹ̀ sì rọrùn ju ti fóònù lọ. Fún ẹni tó ń tọpa àwọn àdúgbò tuntun ní Lọ́kọ́jà, mo fún un ní mẹ́rin nínú márùn-ún. Fún ẹni tó ń ṣọ́ ilé kan ní Kàbà tàbí ní ìlú Yàgbà kankan, irú bí Ìsánlú tàbí Ẹ̀gbẹ̀, méjì àti ààbọ̀ ni, ó sì tún gbọ́dọ̀ máa sọ fún ẹni tó ń bójú tó iṣẹ́ náà pé kí ó tan ètò tó ń sọ ibi tí fóònù rẹ̀ wà (location) kí ó tó ya fọ́tò, kí ọjọ́ àti ipò ilé lè wà nínú fọ́tò náà.